Ta Ló Ń Jẹ́ Alárìnká?

Abúlé Onídìí,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsárì.

Àpínkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo tún ọ kí. Mo kí ọ kú ìdúró ọjà, mo kí ọ kú ariwo Mile 12, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn afárá Kétu tó ga ju òrùlé mọ́ṣáláṣí wa lọ. Mo kí àna mi, Rahmon ọkọ rẹ, tí kì í jẹ́ kí n pe òun kí òun tó pè mí. Mo kí Loveth tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ọmọ ọlọ́mọ tó gbá ọ mú bí ọmọ ìyá, bí o ò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè tirẹ̀, ṣáà dì mọ́ ọn fún mi. Kí Ọlọ́hun Ọba tó dá ọkàn sínú àyà má jẹ́ kí àyà wa já. Kí Ó jẹ́ kí o pẹ́ láyé, kí o fi ọwọ́ ara rẹ sin mí, kí èmi má fi tèmi sin ọ́. Ṣe àmín sókè dáadáa.

O máa ní kí ló dé tí Bàbá ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ó wà lórí àpótí níbi tí mo tẹ́ aṣọ sí fún un, ṣùgbọ́n lórí fóònù, o máa ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti ní Àpínkẹ́, ara ńkọ́, ìwọ á bú sẹ́rìn-ín, wàá ní Bàbá, kò sí nǹkan kan jàre, wàá ní oníbàárà dé, ó parí. Ìwé ò gbọ́ ẹ̀rín. O ò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìwé, o ò sì lè sọ fún un pé oníbàárà dé. Nítorí náà, jókòó. Mo ní kí o jókòó, Àpínkẹ́. Má kà á lórí ìdúró, má sì kà á lórí afárá yẹn.

Ìwọ náà rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí o gbé fóònù lé àyà, kí n fi etí ara mi gbọ́ ohun tí dókítà gbọ́ nínú ọkàn rẹ. O rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n o gbé e lé e. Mo ti etí mọ́ tèmi níbí, mo di etí kejì. Àpínkẹ́, ohun tí mo gbọ́ nínú àyà rẹ ni alábàárù tó ń pariwo pé kí wọ́n yà lọ́nà, àti fèrè ọkọ̀ akẹ́rù, àti obìnrin kan tó ń bá ẹnì kan jà pé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò kún. Mo gbé fóònù kalẹ̀. Bí gbogbo ọjà bá wà nínú àyà ẹnì kan báyìí, níbo ni ọkàn fẹ́ rí jókòó sí?

Ní ti ilé, a wà. Òjò ọdún yìí ò ṣeé sọ: ó rọ̀ nígbà tí a ò tíì ro ilẹ̀, nígbà tí a ro ilẹ̀ tán ó gbàgbé wa, ìgbà tí a wá gbé ẹ̀gúsí sá sórí àpáta ló tún rántí ilé. Ewúrẹ́ ẹlẹ́tí kan ti bímọ, ìyá àtọmọ wà dáadáa. Iná tó ń jẹ oòrùn tí o rà fún mi ṣì ń ṣiṣẹ́, mo máa ń gbé e bọ́ sábẹ́ ìbòòji bí oòrùn bá mú jù, kó má baà yó jù kó dà á nínú rú. Páànù tí atẹ́gùn ṣí lórí yàrá ìyá rẹ ṣì ṣí bẹ́ẹ̀. Èyí tó tó ti ilé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó ni èyí tí Rahmon bá mi sọ. Ó ní o ń bọ̀ láti ọjà, o gun afárá Kétu, o dé àárín àtẹ̀gùn, o jókòó. Ó ní o ò ṣubú, o kàn jókòó ni, bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan. Àwọn èèyàn ń gba ọ̀tún rẹ kọjá, wọ́n ń gba òsì, àwọn kan ń sọ pé Aunty, ẹ dìde lójú ọ̀nà jàre. Loveth tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló wo ojú rẹ tó rí i pé o ò sí níbẹ̀ mọ́, ló bá já omi inú ọ̀rá, ó dà á lé ọ lórí, ó ké sí àwọn ọmọkùnrin, wọ́n gbé ọ délé ìwòsàn kan ní Ìkòsì. Ó ní dókítà ibẹ̀, ọmọdébìnrin bíi tìrẹ, lẹ ẹ̀rọ kan mọ́ ọ láyà, o gbé e wálé, o gbé e sùn, pé gbogbo ohun tí ọkàn rẹ bá ń ṣe ni ẹ̀rọ náà ń kọ sílẹ̀. Mo bi Rahmon bóyá Yorùbá ni ọkàn rẹ ń bá a sọ tàbí Òyìnbó, torí bó bá jẹ́ Òyìnbó, wọ́n lè ṣì í gbọ́, o mọ̀ pé ibi ìṣirò lo ti mọ̀wé, kì í ṣe ibi Òyìnbó. Mo sì kìlọ̀ fún un kó má bá ọ fa ọ̀rọ̀ kankan títí wọ́n fi máa tú u, kí ẹ̀rọ má baà kọ ìjà tọkọtaya sílẹ̀ kí dókítà wá jókòó máa kà á.

Nígbà tí wọ́n tú u tán, dókítà ní bí ọkàn rẹ ṣe ń lù jẹ́ ẹ̀rátíìkì. Ó ní kí o padà wá ní Mọ́ńdè, òun á mú ọ lọ bá dókítà àgbà tó jẹ́ pé ọkàn nìkan ló ń tọ́jú, pé kò yẹ kó pẹ́ rárá. Ìwọ wá ní o ò lọ. O ní àlùbọ́sà Iléyá ń bọ̀ láti òkè Ọya, pé bí o bá fi ìsọ̀ sílẹ̀ lásìkò yìí wọ́n á gba àwọn oníbàárà lọ́wọ́ rẹ, pé kí ni wọ́n tún fẹ́ wò, ẹ̀rátíìkì lásán ni. Rahmon bẹ̀ ọ́ títí, o rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́.

Ó tún ní dókítà béèrè ìtàn ìdílé rẹ, o dáhùn pé kò sí. Áà, ibẹ̀ yẹn dùn mí wọra. Kò sí kẹ̀? Ìdílé tiwa? Ṣé o ò mọ̀ pé baba ńlá wa ló kọ́kọ́ dá iná sí ilẹ̀ yìí ni, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibí? Mo mú bébà lójú ẹsẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún dókítà láti ìgbà tí wọ́n ti ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ Ilé, ẹni tó bí ẹni, ẹni tó jagun, ẹni tó sá lójú ogun, mo kọ ìyẹn náà torí dókítà ni, kò yẹ kéèyàn parọ́ fún un. Mo pinnu pé Mùtíù tó ń wa ọkọ̀ ata lọ sí Mile 12 ló máa gbé e lọ fún un. Wọn ò ní fi ojú ẹni tí kò nílé wo ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rátíìkì yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Kò ṣàjèjì sí etí mi, mo máa ń gbọ́ ọ nínú rédíò bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ pé ohun tó ń ṣe iná ló ń ṣe ọmọ mi, á jẹ́ pé àwọn oníná ló mọ ìtọ́jú rẹ̀. Mo wọ agbádá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìsẹ́yìn, mo wọ ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin kan fún mi ní àga, ọmọ tó mọ̀wà hù. Mo ní ẹ̀rátíìkì yìí, bó bá ti mú nǹkan, kí lẹ máa ń ṣe sí i? Ó ní Bàbá, àdúgbò wo ni. Mo ní Kétu, lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ó ní Kétu ò sí lábẹ́ àwọn. Mo ní mo mọ̀, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ó wò mí, ó ní sùúrù ni, pé ó máa ń lọ, ó sì máa ń dé, pé nígbà mìíràn ẹrù tí wọ́n dì lé e ló pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, á sì kàn lọ ni. Mo dúpẹ́, mo dìde.

Mo mọ̀ pé iná lọ̀tọ̀, ọkàn lọ̀tọ̀, mi ò tíì ya òmùgọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀kadà, ẹrù tó sọ yẹn ni mò ń rò. Mo ro ti àpò àlùbọ́sà tí o máa ń bá àwọn alábàárù gbé nígbà tí wọ́n bá pẹ́. Mo ro ti èmi náà, tí gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, owó páànù ni, owó ajílẹ̀, owó oògùn ẹsẹ̀. Mo sì ro ó pé iná tó bá lọ, a lè tan àtùpà dè é. Kí la fẹ́ tàn sínú àyà ọmọ èèyàn?

Ni mo bá yà sí ọ̀dọ̀ Tíṣà Ṣọládé. O mọ̀ ọ́n, òun ló jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé nígbà tí o wà ní praimárì, tó máa ń pè ọ́ ní Adédiwúrà ní kíkún bí ẹni ń ka orúkọ ní kóòtù. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já ṣì wà lórí fèrèsé. Mo kọ́kọ́ gbé ìtàn ìdílé tí mo kọ fún un kó bá mi wò ó. Ó kà á dáadáa, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí ni dókítà ń béèrè. Ó ní ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó bí ọ ti ṣe irú àìsàn yìí rí, torí irú rẹ̀ máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ bọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ bó ṣe yẹ kí àwọn yára tó. Mo ní háà, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni ọmọ mi sọ, kò sí. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Mo wá ní kó wo ẹ̀rátíìkì fún mi. Ó ṣí ìwé, ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni erratic. Ó ní ohun tí kò lójú kan ni, tí kò tẹ̀ lé ìgbà, tí èèyàn ò lè sọ ibi tó máa yà sí. Mo ní ìyẹn mo ti mọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníná. Mo ní níbo ló ti wá? Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Mo ní Tíṣà, bí àlejò bá wọ ilé wa, ṣé a kì í bi í pé ọmọ ibo ni, ọmọ ta ni? Èyí wọ ara ọmọ mi láìkan ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ mọ ilé tó ti jáde.

Tíṣà fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé náà. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Òyìnbó Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé ni wọ́n ti rí i, àwọn yẹn sì gbà á lẹ́nu àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́. Ó ní lẹ́nu àwọn tó kọ́kọ́ ni ín, kò ju kéèyàn máa rìn lọ, kó máa rìn káàkiri láìní ibi kan tó ń lọ, bí ẹran tó já okùn. Ó ní àwọn tó ń wo ojú ọ̀run láyé ìgbà yẹn fi ń pe àwọn ìràwọ̀ kan, torí àwọn ìràwọ̀ yòókù mọ àyè wọn, wọn kì í kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í gbélé. Ó bi mí bóyá mo mọ irú rẹ̀. Mo ní ta ni ò mọ Àgùàlà? Bẹ́ ẹ bá rí i níbi tí oòrùn wọ̀ sí lónìí, ẹ má gbọ́kàn lé e, tó bá yá ẹ óò wá a tì, ẹ óò tún wá bá a láàárọ̀ níbi tí oòrùn ti ń yọ. Ó ní òun náà gan-an ni. Ó ní bí òun bá ní kí òun sọ ọ́ ní Yorùbá pọ́ńbélé, alárìnká ni ọ̀rọ̀ náà.

Àpínkẹ́, ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi bọ́ lọ́wọ́ mi. Tíṣà ní ṣé kò sí o.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, torí o kéré jù, o ò lè mọ̀. O mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, àfi kó wá orúkọ tirẹ̀ fún un. Ìdùnnú ìyá rẹ ló wá mọ orúkọ í sọ jù nínú gbogbo agbo ilé yìí. Ó pe àbúrò mi obìnrin ní Eyínafẹ́, ó pe ẹ̀gbọ́n mi tó sanra bí àgbá ní Òpèlẹ́ńgẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ò sì mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ní orúkọ. Àdògán ní orúkọ. Nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí kò nàka sí ẹni tó ni ín: Alárìnká. A ò bi í, torí lójú wa ó hàn kedere. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Táyé àbúrò mi, Uncle Táyé rẹ tó wà ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá odò nítòsí yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé nígbà èwe rẹ̀?

Bí ìyá rẹ bá ní Alárìnká ò jẹ́ kí òun fojú kan oorun, Ìyá Àgbà tó bí èmi àti Táyé á pè é, wọ́n á ní kí lo wá ṣe lójú fèrèsé ìyàwó. Táyé á ní oko lòun sùn. Bí ìyá rẹ bá ní Alárìnká ti wọlé báyìí, ọpẹ́ ni, Ìyá Àgbà á bu oúnjẹ Táyé kalẹ̀, oúnjẹ á tutù, Táyé ò ní dé. Lọ́jọ́ kan ìyá rẹ fi ọwọ́ di igi ìloro mú, ó ní Alárìnká ta òun nípàá. Yéè! Ìyá Àgbà fa orógùn yọ nínú ìkòkò, wọ́n lé Táyé yí gbogbo agbo ilé po, wọ́n ní ìwọ ọmọ yìí, ìyàwó ilé lò ń ta nípàá! Ìyá rẹ ń pariwo pé kì í ṣe Táyé, ẹ dákun, kì í ṣe Táyé, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè sọ ìyókù. A rò pé ó ń gbèjà rẹ̀ ni. Ẹ̀rín yẹn, Àpínkẹ́, òun náà lo ń rín fún mi lórí fóònù.

Láti ilé Tíṣà, mi ò lọ sílé. Mo lọ bá Ìyá Hùmúàní, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo kí wọn, mo jókòó, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ta ni Ìdùnnú ń pè ní Alárìnká? Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní ṣé ọkàn rẹ̀ kọ́? Wọ́n ní láti kékeré ni. Wọ́n ní bí àwọn bá ń bọ̀ láti odò, Ìdùnnú á kàn dúró, á sọ omi rẹ̀ kalẹ̀, á jókòó sórí òkúta, á gbé ọwọ́ lé àyà, á ní Alárìnká ti jáde, ẹ jẹ́ kó dé. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn á sọ omi kalẹ̀, wọ́n á jókòó tì í, ẹnikẹ́ni ò ní kánjú, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ títí òun fúnra rẹ̀ á fi ní ó ti wọlé, kálukú á wá gbé omi rù. Wọ́n ní ìyá tó bí àwọn náà ní tirẹ̀, ẹnu ìyẹn ni Ìdùnnú ti gbọ́ orúkọ náà. Mo ní kí ló wá pa ìyá yín. Wọ́n ní oorun ọ̀sán ló lọ sùn, kò sì tíì darúgbó. Nígbà yẹn ni wọ́n wá gbójú sókè wò mí. Wọ́n ní ṣé kò sẹ́ni tó ń jókòó tì í nílé ọkọ ni?

Mo dìde, mo kọrí sílé.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ lọ, o wà ní ìdí igi ọsàn, o ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré. Oko ni mo wà, Ìyá Àgbà ló sọ fún mi. Wọ́n ní Ìdùnnú ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí rẹ̀ níwájú àdògán, ó dáwọ́ dúró, ó ní Ìyá, Alárìnká ti jáde o. Ìyá Àgbà ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní kó fi í sílẹ̀, bí ebi bá pa á á wálé. Èèyàn rere ni Ìyá Àgbà, wọ́n fẹ́ràn ìyá rẹ bí ọmọ inú wọn. Ìgbà tí wọ́n fi máa yíjú padà, ẹ̀wà ti dà sílẹ̀.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí la ti ń sọ pé ikú òjijì ni. Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé ó sọ fún wa kó tó lọ. Ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ó fún un lórúkọ tó dùn, a sì ń bu oúnjẹ fún Táyé. Nígbà tí Rahmon ní o jókòó lórí afárá bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan, mi ò mọ ẹni tí ò ń dúró dè. Mo ti mọ̀ báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò ní fi bò fún ọ, ẹ̀rù ń ba bàbá rẹ.

Nítorí náà gbọ́. Ní Mọ́ńdè, lọ. Kí àlùbọ́sà hù kó di oko lórí ara wọn. Sọ fún dókítà pé o ṣì í sọ, pé ìtàn ìdílé rẹ wà: ìyá ìyá rẹ ní in, ó lọ lójú oorun, ìyá rẹ ní in, ó lọ lórí àpótí, ìwọ náà ní in. Bí ojú bá ń tì ọ́ láti pe Alárìnká níwájú wọn, pe ẹ̀rátíìkì, ọ̀kan náà ni wọ́n, Tíṣà ti tọ̀ ọ́ dé ilé baba rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ló ṣe ń ṣe ọ́, Àpínkẹ́, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ ọ́, má rẹ́rìn-ín. Tíṣà tún sọ ohun kan tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ó ní Àgùàlà yẹn, àwọn tó fara balẹ̀ wò ó pẹ́ ti mọ ọ̀nà tó ń gbà, wọ́n tilẹ̀ lè sọ ọjọ́ tó máa yọ. Jẹ́ kí dókítà àgbà fara balẹ̀ wo tìrẹ.

Kí Rahmon bá mi dé Ajégúnlẹ̀ bí omi odò tó bo ọ̀nà Táyé bá ti fà. Kó sọ fún un pé orógùn ọjọ́sí, kò tọ́ sí i, gbogbo ilé ti mọ̀ báyìí. Á rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ ò burú.

Ó kù síbi owó, torí mo mọ̀ pé o ti ń wo ìsàlẹ̀ ìwé láti wo ohun tí mo fẹ́ tọrọ. Owó páànù tí mo ní kí o fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́. Jẹ́ kó wà ní báńkì, ṣùgbọ́n lọ sọ fún wọn pé ti ọkàn rẹ ni, kí wọ́n wá igun kan gbé e sí, kí wọ́n má kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn èèyàn yòókù, kí wọ́n má baà ṣèèṣì fún ẹlòmíì. Kí òjò máa rọ̀ sí yàrá yẹn. Ẹni tó ni yàrá ò sí níbẹ̀. Ìwọ ni mò ń tọrọ, mi ò tọrọ nǹkan mìíràn.

Kí Ọlọ́hun tó ń dá ìràwọ̀ padà sí ipò rẹ̀ máa dá tìrẹ padà. Kí ọwọ́ dókítà tutù lára rẹ. Kí o bí ọmọ tí á máa fi ẹ̀rín dá mi lóhùn lórí fóònù, kí ẹ̀rín náà sì jẹ́ ẹ̀rín lásán.

Mùtíù ló ń gbé ìwé yìí bọ̀. Bó bá já ata tán, á padà wálé, ọjọ́ Àìkú ló tún máa gbéra, iwájú ọkọ̀ ni mo máa jókòó sí. Mò ń gbé àpótí ìyá rẹ bọ̀. Bí Alárìnká bá tún jáde kí n tó dé, má dìde nítorí pé àwọn èèyàn fẹ́ kọjá. Jókòó síbẹ̀, pe Loveth kó jókòó tì ọ́, kí wọ́n máa gbá yín, kí wọ́n máa bú yín. Mò ń bọ̀. Èmi náà á gbé àpótí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, a óò jọ dúró títí á fi wọlé.

Èmi ni,
Àtàndá, bàbá rẹ.